Sún Mọ́ Ọn, Kí O sì Kí I: Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Lẹ́ǹsì Fífẹ̀ ní Tápà

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ lẹ́ǹsì fífẹ̀, èyí tí àwa oníṣẹ́ fọ́tò ń pè ní wáìdì, á rò pé torí kí nǹkan púpọ̀ lè wọ inú àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Tápà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó lè sún mọ́ èèyàn ló ni wáìdì. Ẹni tójú ń tì, kó lọ wá lẹ́ǹsì gígùn, kó dúró sódìkejì títì kó máa ṣọ́ni. Gbogbo ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́ ọ lé.

Ìlú méje ló para pọ̀ di Ìbàràpá: Ìgbò-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Iṣẹ́ fọ́tò ní Tápà kò yàtọ̀ sí ti ìlú yòókù. Páṣípọ́ọ̀tù ọmọ iléèwé ló ń san owó iná. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Nínú gbogbo rẹ̀, àwòrán ẹbí ló le jù. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí fọ́tò gé òun lápá.

Yashica Mat ni ẹni tó kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́ lò. Kámẹ́rà olójú méjì ni: ojú òkè la fi ń wo ẹni tí a fẹ́ yà, ojú ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé orí fíìmù. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé tú fi òmíràn rọ́pò. Bí ẹbí bá pọ̀, oníṣẹ́ fọ́tò ló máa fẹ̀yìn rìn títí ògiri á fi gbá a lẹ́yìn. Tó bá ti di bẹ́ẹ̀, àfi kí gbogbo ilé dìde, kí wọ́n gbé àga jáde sí ojúde.

Kí n tó fọwọ́ kan wáìdì kankan ni ọ̀gá mi ti ní kí n ṣírò rẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gba nǹkan bíi mítà 4. Lórí kámẹ́rà tó ń lo fíìmù 35mm, lẹ́ǹsì 50mm ní láti jìnnà sí wọn tó mítà 5 ààbọ̀ kó tó lè kó wọn tán. 28mm, tó jẹ́ wáìdì, á kó wọn láti mítà 3 ó lé díẹ̀. Nínú àgbàlá tí kànga wà ní àárín rẹ̀ tí ilé ìdáná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mítà méjì ààbọ̀ tó wà láàárín wọn yẹn ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ á ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ló kọ́ mi ní ibi tí wáìdì kò gbọdọ̀ dé. Ní 1975, oníṣẹ́ fọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún láti wo bí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó kíyè sí i pé àgbà tó bá fẹ́ ya fọ́tò iyì máa ń kọjú sí kámẹ́rà gan-an, aṣọ rẹ̀ á tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan tàbí orúnkún. Bákan náà ni wọ́n ń jókòó ní Tápà. Gbé 28mm sún mọ́ àgbà tó jókòó báyẹn, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. “Kò sí baálé tó máa sanwó orúnkún,” ni ọ̀gá mi máa ń wí. Fún fọ́tò iyì, 50mm ni, kí o sì takété. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fún ọjà, fún ẹbí nínú àgbàlá tóóró, ìgbà náà ni kí o tó ṣí àpótí wáìdì.

Àpótí náà kún. Tòkunbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó ra àwọn kan ní Computer Village ní Ìkẹjà, ó ra àwọn kan lọ́wọ́ ẹni tó ti òkè òkun dé, ó sì ra àwọn mìíràn lọ́wọ́ àwọn ọmọ oníṣẹ́ fọ́tò tó ti di olóògbé, tí wọn ò mọ ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Fún àwọn ọmọ olóògbé yìí, ó máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí lẹ́ǹsì náà jẹ́ àti iye tó ń lọ lọ́jà kí ó tó dá iye tirẹ̀. Ó ní èèyàn kì í fi irinṣẹ́ òkú ṣe gbàǹjo.

Ìtàn àwọn lẹ́ǹsì yìí wà lára ẹ̀kọ́, torí ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi rí bí wọ́n ṣe rí ló máa mọ bí wọ́n ṣe ń bà jẹ́. Ní 1900, ilé iṣẹ́ Goerz ní Berlin gbé Hypergon jáde, gíláàsì méjì péré tó ń rí ju dígírì 130 lọ. Ìmọ́lẹ̀ àárín rẹ̀ pọ̀ ju ti igun lọ débi pé wọ́n fi irin kékeré onígun púpọ̀ bí ìràwọ̀ síwájú rẹ̀, tó ń yí bírí láti dín ìmọ́lẹ̀ àárín kù. Lẹ́ǹsì irú ìyẹn ń jókòó pẹ́kípẹ́kí mọ́ fíìmù. Nígbà tí kámẹ́rà tó ní jígí nínú wá dé, ọ̀rọ̀ yí padà: jígí náà gbọ́dọ̀ ráyè gbéra sókè kí ìmọ́lẹ̀ tó dé orí fíìmù, lẹ́ǹsì ò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà. Ní 1950, Pierre Angénieux ní ilẹ̀ Faransé gbé lẹ́ǹsì 35mm kan jáde tó pè ní Retrofocus. Ó fi gíláàsì ńlá tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká síwájú, ó fi èyí tó ń kó o jọ sẹ́yìn, àyè sì wá wà fún jígí láti gbéra. Zeiss tó wà ní Jena, ní Jámánì Ìlà-Oòrùn ìgbà náà, tẹ̀ lé e pẹ̀lú Flektogon. Ní 1967, Nikon ṣe 24mm tí àwọn gíláàsì inú rẹ̀ ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí a bá ti ń yí fọ́kọ́ọ̀sì, kí àwòrán má baà rú nígbà tí a bá sún mọ́ nǹkan. Ìdí nìyí tí ojú wáìdì àtijọ́ fi máa ń tóbi tó sì máa ń yọ síta. Ojú ńlá yẹn náà ló ń gba eruku, ìka ọwọ́ ọmọdé àti oòrùn ọ̀sán.

Yíyẹ tòkunbọ̀ wò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe. Tan iná fóònù, gbé e sẹ́yìn lẹ́ǹsì, kí o máa wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì lo ń wá, fọ́nrán funfun tó ń ta káàkiri lórí gíláàsì. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, á jẹ ojú gíláàsì, kò sì sí ìnùnù tó lè mú àpá rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, yí òrùka ihò ìmọ́lẹ̀. Àwọn abẹ pẹlẹbẹ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé kíá. Tí òróró bá ti jò sí wọn lára, wọ́n á máa rìn tìkọ̀tìkọ̀, fọ́tò á sì gba ìmọ́lẹ̀ àgbàjù. Yí òrùka fọ́kọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá ń dún rìkìrìkì, iyanrìn ti wọ ibẹ̀. Ní ti àpá ìha tó wà lójú gíláàsì, kí àpá kékeré iwájú má dẹ́rù bà ọ́, àwòrán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà lẹ́yìn ni kí o bẹ̀rù. Bí ẹnu iwájú bá tẹ̀ wọnú, lẹ́ǹsì náà ti ṣubú rí, kí o sì ná owó rẹ̀ wálẹ̀.

Àwọn kan lára lẹ́ǹsì inú àpótí náà ti pọ́n bí òróró ìdáná. Láàárín ọdún 1960 sí 1980, àwọn ilé iṣẹ́ kan fi thorium sínú gíláàsì lẹ́ǹsì kí ó lè tẹ ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Super-Takumar 50mm f/1.4 kan ti Asahi lókìkí fún èyí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, gíláàsì bẹ́ẹ̀ ń pọ́n. Oòrùn ló ń sọ ọ́ di funfun padà, oòrùn kò sì wọ́n wa ní Ìbàràpá: ojú fèrèsé ìlà-oòrùn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú.

Lẹ́yìn yíyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ kàn bí lẹ́ǹsì yóò ṣe wọ kámẹ́rà. Ẹnu tí a ń lọ́ wọ kámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ M42. Asahi Spotmatic tó jáde ní 1964 wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tó kárí ayé. Láti ẹnu kámẹ́rà dé orí fíìmù, M42 fẹ́ mílímítà 45.46. Canon EOS fẹ́ 44, nítorí náà òrùka adápítọ̀ pẹlẹbẹ ló máa dí nǹkan bíi mílímítà kan ààbọ̀ tó ṣẹ́ kù, lẹ́ǹsì á sì rí òkè tó jìnnà jù lọ láìsí wàhálà. Nikon fẹ́ 46.5, àyè òrùka kò sí níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá fi gíláàsì mìíràn kún un, ìyẹn sì ń ba adùn àwòrán jẹ́. Sony tí kò ní jígí fẹ́ 18 péré, kò sí èyí tí kò lè gbé. Sẹ́ńsọ̀, tó rọ́pò fíìmù nínú kámẹ́rà òde òní, tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gbé 28mm sí Canon tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, ohun tí 45mm ń rí ló máa rí. Owó wáìdì ti lọ, fífẹ̀ kò sí. Canon 5D, èyí àkọ́kọ́ tó jáde ní 2005, ni a ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Tòkunbọ̀ lòun náà, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm. Àwọn lẹ́ǹsì kan wà tí ẹ̀yìn wọn yọ jù, tí jígí 5D lè gbá. Ọ̀gá mi ti fi ẹfun sàmì sí gbogbo irú wọn, wọn kì í dé orí kámẹ́rà yẹn.

Ìgbà yìí ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya nǹkan. Kámẹ́rà kò lè bá irú lẹ́ǹsì yìí ṣe fọ́kọ́ọ̀sì; ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fín iye mítà sí òrùka rẹ̀, wọ́n sì fa àwọn ìlà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ tó ń sọ ibi tí àwòrán á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn kedere àti ibi tó máa parí sí. Fi ihò ìmọ́lẹ̀ 28mm sí f/11, kí o fi òrùka sí mítà 2 ààbọ̀: láti nǹkan bíi mítà 1 ó lé díẹ̀ títí lọ dé ojú òfuurufú, gbogbo rẹ̀ á hàn kedere. O ò tún ní láti yí ohunkóhun mọ́. Ohun tó kù ni kí ojú rẹ mọ mítà. Ọ̀gá mi fa ìlà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, a óò jókòó, bí ẹnì kan bá ń kọjá a óò sọ iye tó jìnnà sí wa, lẹ́yìn náà a óò fi tépù wọ̀n ọ́n. Nígbà tó yá, mi ò nílò tépù mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ náà, ojú ló ń wọ̀n ọ́n. Lọ́sàn-án tí oòrùn mú, tí kùrukùru kò sí, f/16 ni, kí ìyára kámẹ́rà sì bá ISO dọ́gba: ISO 100, 1/100 tàbí 1/125. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ń bo oòrùn, a máa ń ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ ní ìpele kan. Lábẹ́ òrùlé ọjà, ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi ń yí òrùka kí ojú mi tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó gba àkókò jù lọ kò sí nínú kámẹ́rà. Bí lẹ́ǹsì bá fẹ́ kí o dúró sí mítà kan sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, o ò lè yọ́ débẹ̀. O gbọ́dọ̀ kí i, kí o sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí iṣẹ́ rẹ̀. Onídìrí, ojú gbòòrò o. Alágbẹ̀dẹ, àrọyè o. Ọlọ́jà, ajé á wọ igbá o. Ọdẹ, àrẹpa o. Àgbẹ̀, àroko bọ́dún dé o. Ọmọ Tápà ni mí, mo sì mọ àwọn kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n gbé kámẹ́rà sójú títí tí mo fi mọ gbogbo wọn àti bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Kámẹ́rà á wà lọ́rùn, a ó jókòó, a ó bèèrè ọmọ, a ó bèèrè iṣẹ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya ọwọ́ yín bó ṣe ń ṣiṣẹ́.” Bí wọ́n bá ní rárá, a ó dúpẹ́, a ó sì lọ. Bí wọ́n bá gbà, tó bá fi máa di ìgbà tí kámẹ́rà dójú, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí ni mo ti mọ ìwúlò rẹ̀ jù. 50mm á mú ojú obìnrin tó jókòó ti agbada, ìyẹn náà sì dára. Ṣùgbọ́n 28mm láti mítà kan á mú igbá tó fi ń ro gàrí ní iwájú, ńlá, á mú apá rẹ̀, á mú ojú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ á mú ẹnì kejì tó ń jọ̀ ọ́ nínú asẹ́, òkìtì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó, àti òrùlé páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Iṣẹ́ ẹnì kan àti gbogbo ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà dé ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú àwòrán kan. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kí o dúró sí, kí oru má baà bo ojú lẹ́ǹsì.

Àwọn ìbejì ló kọ́ mi ní ìyókù. Ìgbò-Ọrà kò jìnnà sí wa, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, tí wọ́n sì ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì láti 2018. Iṣẹ́ ibẹ̀ máa ń kàn wá. Bí Táíwò bá wà ní mítà 1 sí lẹ́ǹsì, tí Kẹ́hìndé sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 sún síwájú, orí Kẹ́hìndé á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ti Táíwò. Kò sí ìyá ìbejì tó máa gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Fẹ̀yìn rìn dé mítà 3, bí wọn ò tiẹ̀ kúrò lójú kan, ìyàtọ̀ náà kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́sàn-án lọ. 50mm náà á ṣe bákan náà láti ojú kan náà, torí ibi tí ẹsẹ̀ oníṣẹ́ fọ́tò wà ló ń sọ ẹni tó máa tóbi. Wáìdì kàn ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ lè sún mọ́ jù ni. Ọ̀rọ̀ ọgbọọgba yìí ti wà nínú iṣẹ́ wa tipẹ́. Sprague rí i ní Ìlá pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti padà lọ, oníṣẹ́ fọ́tò lè tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀, kí ọ̀kan má sì ju èkejì lọ.

Igun àwòrán náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sí igun wáìdì á fẹ̀, orí rẹ̀ á gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, àárín ni àgbà ń jókòó, èyí sì bá àṣà mu. Àwọn ọ̀dọ́ á tẹ̀ lé wọn lápá ọ̀tún àti òsì. Igun méjèèjì, òpó ilé tàbí ògiri ni kí o fi sílẹ̀ fún. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dọ́gba: tí o bá gbójú rẹ̀ sókè kí òkè mọ́ṣáláṣí lè wọlé, gbogbo ògiri á máa ṣubú sẹ́yìn. Kí o mú un dọ́gba, kí o sì gba ilẹ̀ tó bá wọlé níwájú. Bí wọ́n bá sá láfún sórí àpáta, ilẹ̀ yẹn gan-an ni àwòrán.

Títọ́jú àwọn lẹ́ǹsì yìí kò le, ìgbà ló ń tẹ̀ lé. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Inú ike tó ní ìdérí ni wọ́n ń sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń mu omi, irú èyí tó ń bá bàtà tuntun wá. Lẹ́ǹsì tí kò jáde ló ń ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, nítorí náà kò sí èyí tí ọ̀gá mi ń jẹ́ kó sùn nínú àpótí títí òjò fi dá. Gbogbo wọn ló ń gba afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Nígbà ọyẹ́, eruku ni. A kì í tú lẹ́ǹsì kúrò lẹ́nu kámẹ́rà ní ìta, rọ́bà tó ń tú atẹ́gùn la sì ń fi fẹ́ ojú rẹ̀ kí aṣọ tó kàn án, torí aṣọ tó bá wọ́ yanrìn lórí gíláàsì ti di ọ̀bẹ.

Bí a ṣe ń kó wọn jọ náà ni a ń tú wọn ká. Ọ̀gá mi kì í ní méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. 35mm tó ń rí bíi dígírì 63 wà fún ẹbí kékeré àti ìgbéyàwó. 28mm, dígírì 75, wà fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ọjà. 24mm, dígírì 84, wà fún inú yàrá nìkan. Bí òmíràn tó sàn ju ọ̀kan nínú wọn bá wọlé, èyí tó wà níbẹ̀ á jáde lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù, tí wọ́n gbàdúrà fún mi tán, Super-Takumar 28mm ló gbé lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú òfin kan ṣoṣo: ẹni tí mo bá sún mọ́ tó mítà kan láti yà, mo gbọ́dọ̀ tẹ fọ́tò rẹ̀ sórí bébà, kí n sì gbé e lọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú ẹni tí kò mọṣẹ́, òfò nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí mo gbé fọ́tò gàrí lọ fún ló ń mú ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, wọ́n sì ń sọ fún aládùúgbò wọn pé kó jẹ́ kí n jókòó. Bí ẹnì kan bá wá bi mí ní irú lẹ́ǹsì tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kó wá 28mm M42 tí kò ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, kó sì rí i pé sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rẹ̀ tóbi. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí alágbẹ̀dẹ.